Ọta tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn kì: Ẹ̀kọ́ ìṣirò òwò látọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ìbọn ìléwọ́ díje l'Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin oníṣòwò wa gbogbo, ìbéèrè kan wà tí kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ tí kì í bi ara rẹ̀ nígbà tó bá ń ka owó ọjọ́ lálẹ́: ṣé kí n máa ra ohun tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni, àbí kí n máa ṣe é fúnra mi? Onígààrí ń rò ó bóyá kí òun ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ tòun, àbí kí òun ṣì máa sanwó fún ẹlẹ́rọ. Télọ̀ ń rò ó bóyá kí òun ra ẹ̀rọ tó ń ká etí aṣọ, àbí kí òun ṣì máa gbé aṣọ lọ fún ẹni tó ní i ládùúgbò. Ọ̀pọ̀ ló ti kó owó lé ẹ̀rọ tí kò tíì pa owó náà padà títí dòní. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló sọ wọ́n di ọlọ́jà ńlá. Kí ló fa ìyàtọ̀? Ìṣirò ni.

Lónìí, a fẹ́ mú yín dé orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ àwọn èèyàn kan tí wọ́n ń dáhùn ìbéèrè yìí lójoojúmọ́. Àwọn tó ń fi ìbọn ìléwọ́ díje ni. Púpọ̀ nínú wọn kì í lo ọta tí ilé-iṣẹ́ ti ṣe tán, wọ́n máa ń kì í fúnra wọn nínú ilé. Kì í ṣe pé a ní kí ẹnikẹ́ni nílé níbí lọ gbìyànjú rẹ̀ o, nítorí òfin ilẹ̀ wa lòdì sí i, a óò sì dé ibẹ̀ láìpẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọn nǹkan, tí wọ́n ń gbà dán an wò, tí wọ́n sì ń gbà ṣírò owó rẹ̀ la fẹ́ kí ẹ rí.

Irú ìdíje wo nìyí?

Lọ́dún 1976, àwọn ayìnbọn kan pàdé nílùú Columbia ní ìpínlẹ̀ Missouri, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní IPSC sílẹ̀. Jeff Cooper ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹ̀ka tiwọn l'Amẹ́ríkà ń jẹ́ USPSA, èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1984. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń díje: kí ọta ba ibi tó yẹ kó bà, kí ó ní agbára, kí ẹni tó ń yìn ín sì yára. Wọ́n á máa sáré láti ibì kan dé ibòmíràn, wọ́n á máa yìnbọn sí àmì. Iye máàkì tí èèyàn bá gbà ni wọ́n á fi àsìkò tó lò pín.

Ọ̀rọ̀ agbára yẹn ni gbogbo wàhálà wà. Kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọta tí kò lágbára rẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, wọ́n ní ìṣirò kan tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ yege. Ẹ mú ìwúwo orí ọta ní ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní grain, ẹ fi iye ẹsẹ̀ bàtà tó ń sáré láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 1,000 pín in. Grain yìí kéré gan-an: nǹkan bíi márùn-ún-dín-lógún rẹ̀ ló tó gíráàmù kan, 7,000 rẹ̀ ló sì wà nínú pọ́n-ùn kan. Ní USPSA, èsì tó bá dé 125 ni wọ́n ń pè ní ìpele kékeré. Èyí tó bá dé 165 ni ìpele ńlá.

Ẹni tó bá wà ní ìpele ńlá ń jẹ èrè díẹ̀ lórí ọta tí kò ba àárín gbùngbùn. Máàkì márùn-ún ni àárín fún gbogbo èèyàn. Àmọ́ ibi tó tẹ̀ lé e jẹ́ mẹ́rin fún ìpele ńlá, mẹ́ta fún ìpele kékeré. Èyí tó wà létí jẹ́ méjì fún ìpele ńlá, ẹyọ kan fún ìpele kékeré. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ óò rí i pé ohunkóhun kì í ṣe ọ̀fẹ́: ọta tó lágbára ń ti ọwọ́ ẹni sẹ́yìn, ó sì ń fi àsìkò ṣòfò. Ẹni tó yan ìpele kékeré yára, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ tàsé àárín.

Nígbà ìdíje ńlá, àwọn adájọ́ máa ń gba ọta lọ́wọ́ olùdíje. Wọ́n á tú ọ̀kan, wọ́n á wọn orí rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, wọ́n á sì yin àwọn mìíràn kọjá iwájú ẹ̀rọ tó ń wọn eré. Bí èsì kò bá dé 125, olùdíje náà lè máa yìnbọn rẹ̀ lọ títí ìdíje á fi parí, ṣùgbọ́n wọn kò ní ka máàkì kankan fún un. Owó mọ́tò, owó òtẹ́ẹ̀lì, owó ìforúkọsílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wọmi nítorí ẹ̀tù tí kò tó ìwúwo ìyẹ́ adìyẹ.

Ohun mẹ́rin ló wà nínú ọta kan

Àwọn ọdẹ wa tó ń lo ṣakabùlà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: bí ẹ̀tù bá kéré, ọta kò ní dé ara ẹran, bí ó bá sì pọ̀ jù, ìbọn lè bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Ohun kan náà ni, àfi pé ti àwọn ará ibí yìí wà nínú ìkarahun kékeré. Ohun mẹ́rin ló para pọ̀ di ọta. Àkọ́kọ́ ni ìkarahun tí wọ́n fi idẹ ṣe. Ìkejì ni práímà, ìyẹn ohun kékeré ìdí rẹ̀ tó máa ń ṣáná nígbà tí irin ìbọn bá gbá a. Ìkẹta ni ẹ̀tù. Ìkẹrin ni orí ọta fúnra rẹ̀, tó jẹ́ òjé, tí wọ́n sì sábà máa ń fi bàbà bò.

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìkarahun nìkan ni kì í bá eré lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yìnbọn tán, ilẹ̀ ló máa ń bọ́ sí, wọ́n á ṣà á, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un lò lọ́pọ̀ ìgbà. Ibẹ̀ gan-an ni èrè ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó ń ra ọta tuntun ń sanwó idẹ lákọ̀tun nígbà gbogbo.

Iṣẹ́ náà ní ìgbésẹ̀. Wọ́n á tẹ ìkarahun padà sí ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n á yọ práímà tó ti jóná, wọ́n á fi tuntun sí i. Wọ́n á fẹ ẹnu rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á wọn ẹ̀tù sínú rẹ̀, wọ́n á gbé orí ọta lé e, wọ́n á sì fún ẹnu rẹ̀ pa. Ẹ̀rọ tí kò wọ́n ń ṣe ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ ńlá ń ṣe gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, tó fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fa apá rẹ̀ wálẹ̀ ni ọta kan ń bọ́ sílẹ̀.

Ewu wà níbẹ̀ o. Bí ẹ̀tù bá wọ inú ìkarahun kan lẹ́ẹ̀mejì, ìbọn lè fọ́. Bí ẹ̀tù kò bá wọ inú rẹ̀ rárá, práímà nìkan á ti orí ọta dé àárín ihò ìbọn, á há síbẹ̀. Bí ayìnbọn kò bá fura, tó tún yin òmíràn tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ di ti ilé ìwòsàn. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í fi í wo tẹlifíṣọ̀n tàbí kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ, tí wọ́n sì máa ń yọjú wo inú ìkarahun kọ̀ọ̀kan kí orí ọta tó bò ó.

Bí wọ́n ṣe ń wá èyí tó bá ìbọn wọn mu

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jù. Kò sí olùdíje gidi tó kàn ń bu ẹ̀tù. Ìwé tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀tù tẹ̀ jáde ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣí, níbi tí wọ́n ti kọ iye tó kéré jù àti iye tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ lókè. Wọ́n á ki ọta díẹ̀ ní ìwọ̀n kan, wọ́n á ki díẹ̀ ní ìwọ̀n tó fi bíńtín jù ú lọ, títí wọ́n á fi ní oríṣi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ike ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n á kó wọn sí, wọ́n á sì kọ nǹkan sára ìkọ̀ọ̀kan.

Wọ́n á wá gbé e lọ sí pápá. Ẹ̀rọ ìwọn-eré á sọ bí ọta kọ̀ọ̀kan ṣe sáré sí. Kì í ṣe ìpíndọ́gba nìkan ni wọ́n ń wò, wọ́n tún ń wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó yára jù àti èyí tó lọ́ra jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ìbọn lé orí àpò iyanrìn, wọ́n á yìn ín sí àmì kan láti òkèèrè, láti mọ̀ bóyá ihò ọta sún mọ́ra àbí wọ́n tú ká. Òfin tí kì í yẹ̀ níbẹ̀ ni pé ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá pààrọ̀ ẹ̀tù, tó tún pààrọ̀ orí ọta lọ́jọ́ kan náà, kò lè mọ èwo nínú méjèèjì ló tún nǹkan ṣe tàbí tó bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní orí ọta wúwo tó grain 124, tó sì ń sáré ẹsẹ̀ bàtà 1,010. Èsì rẹ̀ jẹ́ 125.24. Ó yege, àbí? Ó yege lóòótọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀tù ló máa ń lọ́ra nígbà òtútù, àwọn mìíràn sì ń yí padà nígbà ooru. Bí òtútù bá mú ẹsẹ̀ bàtà 20 péré kúrò lára eré ọta yìí, èsì di 122.76, gbogbo máàkì sì ti lọ. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́n kì í dúró sí 125. Á gbé eré rẹ̀ dé nǹkan bí 1,060, kí èsì lè jẹ́ 131.44, kí òtútù tó bá sì dé má lè fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta omi inú ọ̀rá, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọṣẹ, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe búrẹ́dì, ṣé ẹ rí i? Oníṣòwò tó fi èrè rẹ̀ sí ibi tó kàn ń fi ẹnu kan ilẹ̀, bí owó epo mọ́tò bá gbé náírà díẹ̀ lé e, ó ti wọ gbèsè.

Gbogbo èyí ni wọ́n ń kọ sínú ìwé: ọjọ́, irú ẹ̀tù, nọ́ńbà tó wà lára ike ẹ̀tù náà, ìwọ̀n rẹ̀, gígùn ọta, eré rẹ̀, bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Bí wọ́n bá ra ike ẹ̀tù tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ kan náà, wọ́n á tún un dán wò, nítorí èyí tí wọ́n ṣe lónìí lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ọdún tó kọjá. Mélòó nínú wa ló máa ń kọ irú ìyẹ̀fun tó lò àti ọjọ́ tó lò ó sílẹ̀, kí búrẹ́dì tó bàjẹ́ tó lè ṣàlàyé ara rẹ̀?

Ṣé owó ń bẹ níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é, kì í ṣe iye ọjà tòní la ń kà. Ká ní pọ́n-ùn ẹ̀tù kan jẹ́ dọ́là 35, tí ọta kọ̀ọ̀kan sì ń gba grain mẹ́rin. Pọ́n-ùn kan á ki ọta 1,750, èyí túmọ̀ sí pé sẹ́ǹtì méjì ni ẹ̀tù ọta kan. Ká ní práímà jẹ́ sẹ́ǹtì mẹ́jọ, orí ọta sẹ́ǹtì mẹ́sàn-án, kí ìkarahun sì jẹ́ èyí tó ṣà nílẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ́ǹtì 19. Bí ọta tí ilé-iṣẹ́ ṣe bá jẹ́ sẹ́ǹtì 26, èrè rẹ̀ lórí ọ̀kan jẹ́ sẹ́ǹtì méje.

Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ńkọ́? Bí ẹ̀rọ àti àwọn ohun èlò rẹ̀ bá jẹ́ dọ́là 1,050, ó dìgbà tó bá ki ọta 15,000 kí owó ẹ̀rọ tó padà. Ẹni tó ń yin 10,000 lọ́dún á rí i gbà láàárín ọdún kan àtààbọ̀. Ẹni tó ń yin 1,000 lọ́dún á lo ọdún 15. Ẹ̀rọ kan náà, ọjà kan náà, ṣùgbọ́n òwò fún ẹnì kan, eré ọwọ́ fún ẹnì kejì.

Àsìkò ńkọ́? Bí ẹ̀rọ ńlá bá ń ki 500 láàárín wákàtí kan, wákàtí náà mú dọ́là 35 wọlé. Bí ẹ̀rọ kékeré bá ń ki 100, dọ́là méje ni. Owó iṣẹ́ wákàtí kan tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí láti ọdún 2009 sì jẹ́ dọ́là 7.25. Ẹni tó lo ẹ̀rọ kékeré ń gba owó tí kò tó ti ọmọ iṣẹ́! Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe é síbẹ̀? Nítorí pé kì í ṣe owó kékeré nìkan ni wọ́n ń wá. Ọta tó bá ìbọn wọn mu, tó rọ̀ lọ́wọ́, tí èsì rẹ̀ kò ní já wọn kulẹ̀, kò sí nínú páálí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ohun tí ẹ fẹ́ máa ṣe fúnra yín kò bá dín owó kù, ó yẹ kó mú ọjà yín dára ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí kò bá ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, ẹ lọ rà á.

Àwọn tó sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́

Àwọn kan wà tí wọ́n kò kì ọta tà, ohun tí àwọn tó ń kì í nílò ni wọ́n ń tà. Lọ́dún 1943, Fred Huntington ń ṣe irin-iṣẹ́ tó ń tẹ orí ọta ní ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ bàbá rẹ̀ nílùú Oroville ní California. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ RCBS ti wá. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìjọba Amẹ́ríkà ní ẹ̀tù tó ṣẹ́kù rẹpẹtẹ. Bruce Hodgdon, tó ń bá ilé-iṣẹ́ gáàsì ta ọjà ní agbègbè Kansas, yá owó lórí ìwé adójútòfò ẹ̀mí rẹ̀, ó sì ra 50,000 pọ́n-ùn. Kò ní ibi tí yóò kó o sí, ló bá gbé ọkọ̀ rélùwéè àtijọ́ kan sí pápá oko tó háyà. Ó polówó kékeré nínú ìwé ìròyìn American Rifleman: 150 pọ́n-ùn fún dọ́là 30. Òun, ìyàwó rẹ̀ Amy àti àwọn ọmọ wọn ni wọ́n jọ ń ṣe é. Kò fi iṣẹ́ gáàsì sílẹ̀ àfi lọ́dún 1952, nígbà tí ọjà ti dúró dáadáa.

Lọ́dún 1958, Richard Lee ní Wisconsin ṣe irin-iṣẹ́ kékeré tí tálákà lè fi òòlù gbá, tí ọta á sì jáde. Mike Dillon, awakọ̀ òfuurufú tó kú lọ́dún 2016, ló dá ilé-iṣẹ́ Dillon Precision sílẹ̀ ní Arizona, tó ń ṣe àwọn ẹ̀rọ ńlá tí olùdíje fẹ́ràn. Ohun tó gbé orúkọ rẹ̀ ga ni pé ẹ̀rọ tó bá ti jẹ́ ti ìlò ilé, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tún un ṣe títí ayé, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ rà á tàbí ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí a ń sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ àti ọkọ̀ rélùwéè àlòkù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí práímà wọ́n

Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ, tó ní ẹ̀tù, tó ní orí ọta, bí kò bá ní práímà, kò ní nǹkan kan. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe práímà l'Amẹ́ríkà kò sì pọ̀: CCI, Federal, Winchester àti Remington ni àwọn ńlá. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé lọ́dún 2020, àwọn èèyàn ra ìbọn àti ọta bíi kí ayé parí. Lóṣù keje ọdún náà ni Remington lọ sí kóòtù pé àwọn kò lè san gbèsè mọ́. Práímà tí wọ́n ń rà ní nǹkan bíi sẹ́ǹtì mẹ́ta tẹ́lẹ̀, àwọn aláròóbọ̀ ń tà á ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ẹni tó ti tọ́jú ẹgbẹ̀rún díẹ̀ pamọ́ ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tó ń rà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń kó ohun tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ wá fún yín, ẹ wá ẹnì kejì kí ọjọ́ kan tó dé.

Láti inú ilé dé ọjà

L'Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ kò ní kí ẹni tó ń ki ọta tí òun fúnra rẹ̀ máa lò gba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ máa ṣe é tà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ ATF, dọ́là 30 fún ọdún mẹ́ta. Ìyẹn kò wọ́n. Ohun tó wọ́n ni owó orí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọta, èyí tí òfin ọdún 1937 ní kí wọ́n máa ná sórí ìtọ́jú ẹranko igbó. Ẹ tún fi ti adójútòfò kún un, nítorí bí ọta kan bá fọ́ ìbọn mọ́ oníbàárà lọ́wọ́, ilé-ẹjọ́ ni. Sẹ́ǹtì méje tí a ń sọ lẹ́ẹ̀kan kò ní pẹ́ tán. Ohun tó ń mówó wọlé nínú ilé lè máà mówó wọlé lọ́jà, tí ìwé àṣẹ, owó orí àti ẹjọ́ bá ti wọ̀ ọ́.

Nílé níbí, ẹ má ṣe dán an wò rárá. Òfin ìbọn Nàìjíríà tó wà láti ọdún 1959 kò gba ẹnì kankan láyè láti ṣe ọta nínú ilé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. DICON, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó wà ní Kaduna láti ọdún 1964, ni wọ́n dá sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tó bá rú òfin yìí.

Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ẹ má mú ìwé àti bírò. Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ tó ń bọ̀ yẹn, ẹ kọ iye tí ohun kọ̀ọ̀kan tó wọ inú ọjà yín ń ná yín, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ iye tí ẹ ń rí tà lóṣù, kì í ṣe iye tí ẹ ń retí. Ẹ fi èrè tí ẹ ń rí lóṣù pín owó ẹ̀rọ, kí ẹ mọ oṣù tí owó náà á padà. Ẹ ka àsìkò tiyín mọ́ ọn, nítorí àsìkò náà owó ni. Kí ẹ tó ṣe ọjà tuntun rẹpẹtẹ, ẹ ṣe díẹ̀, ẹ dán an wò, ẹ yí ohun kan padà lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí èrè bá ti wà ní ibi tó kàn ń fi ẹnu kan ilẹ̀, ẹ gbé e sókè díẹ̀ kí òtútù tó dé.